Fásitì ìjọba ìpínlẹ̀: Báwo lẹ ṣe lè mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó kàn ń kọ́lé?



Tí gómìnà bá fẹ́ fi hàn pé òun ń ṣe dáadáa ní fásitì ìpínlẹ̀ rẹ̀, ilé tuntun ló máa ń ṣí. Wọ́n á gé rìbọ́ọ̀nù, àwọn oníròyìn á ya fọ́tò, ìlù á dún. Àmọ́ òbí tó ta ilẹ̀ kó tó rí owó ilé ìwé ọmọ san ní ìbéèrè mìíràn lọ́kàn. Ṣé ọmọ yìí á jáde nígbà tó yẹ kó jáde? Tó bá sì jáde, ṣé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ á jẹ́ ìtẹ́wọ́gbà?

Ìbéèrè méjèèjì yìí ló yẹ kí èèyàn fi wọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ta ló ń yẹ ta wò?

Ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìpínlẹ̀ ní ọ̀gá méjì. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló dá a sílẹ̀, òun ló ń yan ìgbìmọ̀ aláṣẹ rẹ̀, òun náà ló yẹ kó máa gbọ́ bùkátà owó oṣù. Ṣùgbọ́n àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ ló ń sọ bóyá ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kún ojú òṣùwọ̀n. NUC ló ń mójú tó fásitì, NBTE ló ń mójú tó ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe, NCCE ló sì ń mójú tó ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́.

Tí NUC bá wá ṣàyẹ̀wò, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fún ní máàkì. Wọ́n á wo iye olùkọ́ àti ìwé ẹ̀rí wọn, wọ́n á wo ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, láàbù àti ilé ìkàwé. Ẹ̀ka tó bá gba 70 nínú 100 sókè, tí kò sì já kulẹ̀ níbi tó ṣe kókó, máa ń gba ìfọwọ́sí kíkún fún ọdún 5. Èyí tó gba 60 sí 69 máa ń gba ìfọwọ́sí onígbà díẹ̀, ọdún 2 péré. Èyí tí kò tó 60 kò gbọdọ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mọ́.

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé "NUC ti fọwọ́ sí fásitì yìí", ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Ẹ béèrè pé ẹ̀ka wo? Títí di ọdún wo? Ẹ̀ka òfin lè gba ìfọwọ́sí kíkún kí ẹ̀ka mìíràn nínú ọgbà kan náà sì já kulẹ̀. Ọmọ tó bá ka ẹ̀kọ́ tí kò ní ìfọwọ́sí lè parí rẹ̀ tán kó má rí ọ̀nà gbà lọ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀.

Síbẹ̀, àyẹ̀wò yìí ní ibi tó kù sí. Ilé ẹ̀kọ́ mọ ọjọ́ tí àwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀. Ó pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń ké pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan máa ń yá olùkọ́, wọ́n á yá ìwé, wọ́n á kun ògiri, tí àlejò bá sì ti lọ, ohun tí wọ́n yá náà á padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀. Àyẹ̀wò ọjọ́ mélòó kan kò lè sọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún.

Ilé tuntun yẹn, owó ta ni?

Ẹ wo ara ọ̀pọ̀ ilé tó dára jù nínú ọgbà fásitì ìpínlẹ̀. Ẹ ó rí i tí wọ́n kọ TETFund sí i lára. TETFund jẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 2011 gbé kalẹ̀. Owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ ló ń ná. Ó ń kọ́lé, ó ń rán olùkọ́ lọ kàwé sí i, ó ń fún wọn lówó ìwádìí. Ṣùgbọ́n kì í san owó oṣù.

Ìdí nìyí tí ilé tuntun kò fi lè jẹ́ ẹ̀rí pé ìpínlẹ̀ ń ṣe ojúṣe tirẹ̀. Owó oṣù, owó iná, omi, àti kẹ́míkà láàbù ni ẹ fi lè mọ ìyẹn. Kò sí gómìnà tó ń gé rìbọ́ọ̀nù fún owó oṣù. Àmọ́ tí kò bá sí owó oṣù, ilé alájà mẹ́rin á kàn dúró lásán ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní LAUTECH nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ẹ̀kọ́ ńlá. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ló jọ ni fásitì náà. Nígbà tí àríyànjiyàn dé lórí ẹni tó yẹ kó san èló, ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ náà wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù láàárín ọdún 2016 sí 2017. Kì í ṣe pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀wé, kì í sì í ṣe pé kò sí olùkọ́. Lọ́dún 2020 ni fásitì náà di ti Ọ̀yọ́ nìkan.

Kàlẹ́ńdà ló ń sọ òótọ́

Lọ́dún 2020, ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ olùkọ́ fásitì, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta, oṣù Kejìlá ló tó parí. Lọ́dún 2022, ó tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 14 oṣù Kejì, ó di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá kí wọ́n tó dá a dúró. Ọmọ tó wọlé lọ́dún 2019 fún ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin kàgbákò méjèèjì. Àwọn fásitì ìpínlẹ̀ kan kò dara pọ̀ mọ́ ìyanṣẹ́lódì náà, àwọn mìíràn dara pọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ ni ìjà náà dojú kọ.

Ìbéèrè kan wà tó yẹ kí gbogbo fásitì ìpínlẹ̀ máa dáhùn lọ́dọọdún: nínú 100 ọmọ tó wọlé, mélòó ló jáde lásìkò? Máàkì yìí ṣòroó yá.

Owó ilé ìwé: wọ́ọ́rọ́wọ́ kò tó, ọ̀wọ́n náà kò tó

Àwọn kan ń fi bí owó ilé ìwé ṣe kéré tó wọn fásitì. Àwọn mìíràn ń fi iye tó ń pa wọlé wọ̀n ọ́n. Lọ́dún 2011, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé owó LASU láti 25,000 náírà sí iye tó wà láàárín 193,750 àti 348,750 náírà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn, iye àwọn tó ń wọlé sì lọ sílẹ̀. Lọ́dún 2014, ìjọba dá owó náà padà sí 25,000 náírà.

Ní Kàdúná náà, lẹ́yìn tí owó ilé ìwé ti gbówó lórí, Gómìnà Uba Sani kéde lọ́dún 2023 pé owó fásitì ìpínlẹ̀ náà á wálẹ̀ láti 150,000 sí 105,000 náírà. Ní ibi méjèèjì, ìdí kan náà ló wà níbẹ̀: fásitì tí ọmọ tálákà kò lè wọ̀ kò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí owó bá wálẹ̀, tí ìpínlẹ̀ kò sì fi kún owó ìrànwọ́ tirẹ̀, láàbù ló máa san ẹ̀dínwó náà.

Pátákó tuntun kì í ṣe fásitì tuntun

Lóṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun kò ní dá ilé ẹ̀kọ́ gíga tuntun sílẹ̀ fún ọdún 7. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, sọ pé fásitì 199 ni iye ọmọ tó yàn wọ́n nípasẹ̀ JAMB kò tó 100, àti pé 34 nínú wọn kò rí ẹyọ ẹnì kan. Ìkéde náà kò de àwọn ìpínlẹ̀. Wọ́n ṣì lè kọ pátákó fásitì tuntun nígbà tí èyí tó wà nílẹ̀ kò tíì jẹun kánú.

Ipò lágbàáyé ńkọ́? Nínú àtẹ Times Higher Education ti ọdún 2021, LASU wà láàárín ipò 501 sí 600, Ibadan nìkan ló ṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ohun ìwúrí ni. Ṣùgbọ́n ìwádìí àti bí àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn ṣe ń tọ́ka sí i ló gba ipò ńlá nínú irú àtẹ bẹ́ẹ̀. Kò lè sọ fún yín bóyá omi wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Kí lẹ lè ṣe?

Kí ẹ tó san owó, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin. Ìfọwọ́sí ẹ̀ka yẹn, ìgbà wo ló máa parí? Olùkọ́ mélòó ló wà níbẹ̀ ní tòótọ́? Nínú àwọn tó wọlé, mélòó ló jáde lásìkò? Oṣù mélòó ni ìjọba jẹ àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀?

Tí wọn kò bá dáhùn, òfin wà lẹ́yìn yín. Òfin òmìnira láti gba ìròyìn ti ọdún 2011 fún gbogbo èèyàn láṣẹ láti béèrè irú àkọsílẹ̀ yìí, ó sì ní kí wọ́n fèsì láàárín ọjọ́ 7. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti máa ń sọ pé òfin náà kò kan àwọn, àmọ́ lóṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ó kan gbogbo wọn.

Bí wọ́n bá tún pè yín síbi tí wọ́n ti ń ṣí ilé tuntun, ẹ lọ, ẹ pàtẹ́wọ́, nítorí ilé dára. Ṣùgbọ́n tí ìlù bá dákẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé ọdún wo ló wọlé, ọdún wo ló sì retí láti jáde. Ìdáhùn rẹ̀ ni máàkì ìjọba náà.