Gìtá àti Ìwé Kan fún Gbogbo Ìlú

Níbi ìpàdé tí ó kọjá ni a ti fi ẹnu kò pé kí gbogbo ìlú ka ìwé kan ṣoṣo pọ̀ lọ́dún yìí, a sì yan Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Olóògbé D. O. Fágúnwà, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1938. Lórí èyí kò sí àríyànjiyàn. Ohun tí àwọn olóyè kan bi wá ni pé, kí ni gìtá ń wá níbi kíka ìwé Yorùbá, nígbà tí gángan kò tíì tán nílùú? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni.

Kí a tó dé orí gìtá, ẹ jẹ́ kí a yà sí Havana ní Kúbà, ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ ti di ẹni tí à ń pè ní Lùkùmí. Ní 1865, àwọn tí ń wé ewé tábà ní ilé-iṣẹ́ El Fígaro bẹ̀rẹ̀ àṣà kan: ẹnì kan a jókòó síbi gíga, a máa kàwé sókè ketekete, àwọn ìyókù a sì máa bá iṣẹ́ ọwọ́ wọn lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ni ó ń dá owó òǹkàwé, àwọn ni ó sì ń yan ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ìwé kò fò wọ́n dá. Nígbà tí ìjọba Sípéènì rí i pé ojú ń là, wọ́n fi òfin dè é ní 1866. Àṣà náà tún jí. Ní Tampa ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ará Kúbà gbé e dé, àwọn olówó ilé-iṣẹ́ lé àwọn òǹkàwé ní 1931, wọ́n fi rédíò rọ́pò wọn. Ní Kúbà kò kú, ní 2012 ni wọ́n sì kà á sí ogún orílẹ̀-èdè.

Ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà ṣe tiwọn ní 1998: olúkúlùkù ka ìwé kan náà nílé, wọ́n sì péjọ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ó yẹ wọ́n. Ní tiwa, ọ̀nà ti Havana ni a fara mọ́. Bí a bá kàn fi ìwé lé olúkúlùkù lọ́wọ́, ìyá arúgbó tí kò mọ̀wé ti jáde nínú ètò nìyẹn, àti ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú (ẹ má bínú), tí a ń ka Gẹ̀ẹ́sì wàìwàì tí àmì ohùn Yorùbá sì ń gbé wa ṣubú. Nínú ìwé Fágúnwà gan-an, bí Àkàrà-oògùn ti ń sọ ìtàn rẹ̀ ni èrò ń pọ̀ sí i tí ń wá gbọ́.

Gìtá tí a ní lọ́kàn kì í ṣe ti oníjùjú tí ń lo iná, èyí tí a fẹ́ràn ní àyè tirẹ̀. Olókùn mẹ́fà ni, tí a ń fi ìka àti èékánná ta, irú èyí tí Andrés Segovia ará Sípéènì gbé wọ gbọ̀ngàn ńlá kárí ayé. Ohùn rẹ̀ kéré. Ikọ́ ẹnì kan lè bò ó mọ́lẹ̀. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyí tí a fi fẹ́ ẹ. Gángan wa a máa sọ̀rọ̀. Bí ó bá ti dún, oríkì ni etí yóò máa wá, ẹni tí a kì yóò dìde, owó yóò jáde lápò, òǹkàwé yóò sì dúró títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Gìtá yìí kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Èrò yóò dákẹ́ kí wọ́n tó lè gbọ́ ọ, etí wọn yóò sì ti là sílẹ̀ de ìwé.

Orin tí a yàn ni El Decamerón Negro, tí Leo Brouwer, ọmọ bíbí Havana, kọ ní 1981. Inú ìtàn ilẹ̀ adúláwọ̀ tí Leo Frobenius ará Jámánì kó jọ ni ó ti mú un. Orúkọ ọkùnrin yìí kò dùn létí ará Ifẹ̀, nítorí ohun tí ó kó níbẹ̀ ní 1910 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi mú kí ó dá ọ̀pọ̀ rẹ̀ padà. A mọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn kì í di ti ẹni tí ó kó o jọ. Apá kìíní orin náà jẹ́ ti jagunjagun kan tí ó fẹ́ máa ta dùùrù, tí àwọn ará rẹ̀ lé jáde nítorí rẹ̀, tí wọ́n sì tún ránṣẹ́ bẹ̀ ẹ́ nígbà tí ogun dé.

Gìtá kò ní ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Kíkà yóò gba wákàtí kan. A bẹ̀ yín kí agboolé kọ̀ọ̀kan dá owó òǹkàwé, kí a má ṣe tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ òṣèlú kankan. Ìwé ọdún tí ń bọ̀, ìlú ni yóò dìbò yàn án. Ẹ sì bá wa gbé jẹnẹrétọ̀ gbọ̀ngàn jìnnà sí ẹ̀yìn ilé.