Ojú Irin Tí Ó Di Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Manchester sọ níwájú àpéjọ ọdọọdún

 

Akọ̀wé Àgbà ní kí àwa tí a wà ní Manchester sọ díẹ̀ nínú ohun tí ojú wa ń rí ní Ìlú Ọba. A rò ó síwá, a rò ó sẹ́yìn, a sì rí i pé ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ òtútù, gbogbo rẹ̀ ni ẹ ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó ṣáájú wa. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ni a mú wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi wá rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó jẹ́ pé orí kẹ̀kẹ́ ni bàbá wọn ti gbé àpò kòkó lọ tà. Orí kẹ̀kẹ́ ni tíṣà àti ajíhìnrere fi ń ti abúlé kan bọ́ sí òmíràn. Raleigh tí àwọn bàbá wa fẹ́ràn jù, Nottingham ni a ti ń ṣe é nígbà náà, ìlú náà kò sì jìnnà sí àwọn òkè tí a fẹ́ ròyìn yìí.

Ohun tí ó mú wa ronú kan ọ̀rọ̀ náà ni àwọn ọmọ wa. Ní Manchester, a máa ń ra kẹ̀kẹ́ fún ọmọ, ṣùgbọ́n ibo ni yóò ti gùn ún? Bọ́ọ̀sì àti lọ́rì ń ré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká ẹni lójú títì, kò sì sí ìyá tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ láti rán ọmọ sí irú ibẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni ọmọ ti ń kọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ̀yìnkùlé náà ni kẹ̀kẹ́ ń dógùn-ún sí. A mọ ọmọ tí ó ti pé ọdún mẹ́wàá tí kò tíì fi ojú ara rẹ̀ rí màlúù tí ń jẹko, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin ń gbé ènìyàn dé ẹsẹ̀ òkè kí wákàtí kan tó pé.

Àwọn òkè náà ni wọ́n ń pè ní Peak District, láàárín Manchester àti Sheffield. Ní ọdún 1951 ni ìjọba ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ kí a má bàa ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Òun ni ó ṣáájú gbogbo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Britain. Èyí tí ó ga jù níbẹ̀, Kinder Scout, kò ju mítà 636 lọ. Ará Ìdànrè kò ní tìtorí rẹ̀ ṣe háà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ lórí àwọn títì wọn tóóró, láàárín ògiri òkúta tí wọ́n tò láìfi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́, yóò mọ̀ pé òkè ni òkè ń jẹ́. A ó gùn ún títí èémí yóò fi kúrú, a ó sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni já bọ́, a ó tún bẹ̀rẹ̀ sí gun òmíràn.

Báwo ni wọ́n ṣe wá rí ọ̀nà tí ó tẹ́jú, tí kò sì sí mọ́tò lórí rẹ̀, ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ọkọ̀ ojú irin ni ó ṣe é. Ọkọ̀ ojú irin kò lè gun òkè tí ó dá gbọ̀ọ̀rọ̀. Nítorí náà àwọn tí ó la ọ̀nà rẹ̀ gé òkè, wọ́n dí kòtò, wọ́n fi afárá sọdá àfonífojì, ibi tí òkè bá sì ti kọ̀, wọ́n a lu ihò sí i nínú. Nígbà tí ọ̀pọ̀ mọ́tò dé, tí rélùwéè ń jẹ gbèsè, ìwádìí tí Dókítà Richard Beeching gbé jáde ní ọdún 1963 dámọ̀ràn pé kí a ti ibùdókọ̀ tí ó ju 2,000 lọ, kí a sì pa nǹkan bí máìlì 5,000 ojú irin tì. Àwọn ìlú kéékèèké sunkún. Irin di ohun tí a hú tà, òkúta nìkan ni ó kù lójú ọ̀nà.

Ibi tí ọ̀nà pín sí nìyẹn. Ní ibi púpọ̀, wọ́n gé ilẹ̀ náà tà wẹ́wẹ́: àgbẹ̀ ra díẹ̀, ẹni tí ń kọ́lé ra díẹ̀, wọ́n wó afárá, ọ̀nà sì já. Ṣùgbọ́n àwọn alábòójútó Peak District tètè ra ti ọ̀dọ̀ wọn kí ó tó fọ́nká. Ní ọdún 1971 ni wọ́n ṣí Tissington Trail, máìlì 13 láti Ashbourne dé Parsley Hay. Níbẹ̀ ni ó ti pàdé High Peak Trail, tí òun jẹ́ máìlì 17. Ojú irin ti High Peak yìí dàgbà púpọ̀. Láàárín ọdún 1830 sí 1831 ni wọ́n ṣí i, kí àwọn ènìyàn tó mọ bí a ti ń fi irin kọjá lórí òkè. Níbi tí ó bá ti ga jù, ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ni ó wà lókè tí ń fi okùn fa ọkọ̀ ẹrù gòkè. Ilé ẹ̀rọ kan ṣì dúró ní Middleton Top, ti ọdún 1829. Kí ẹni tí kò lágbára tàbí tí ó mú ọmọdé lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí ó má ṣe ti ìsàlẹ̀ ní Cromford bọ̀.

Èyí tí ó wù wá jù ni Monsal Trail, máìlì 8 àti ààbọ̀ lẹ́bàá odò Wye, láti ẹ̀gbẹ́ Bakewell títí dé Blackwell Mill nítòsí Buxton. Ní ọdún 1863 tí ojú irin gba ibẹ̀ kọjá, òǹkọ̀wé olókìkí nì, John Ruskin, bínú gidigidi pé nítorí kí ará Buxton lè tètè dé Bakewell ni wọ́n ṣe ba irú àfonífojì bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ayé yí. Ní ọdún 1970, lẹ́yìn ọdún méjì tí wọ́n ti ojú irin náà, wọ́n ka afárá olójú márùn-ún tí ó ń bú náà mọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó. Ọdún 1981 ni wọ́n sọ ọ́ di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n fún ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ti àwọn ihò inú òkè pa nítorí ewu, tí arìnrìn-àjò ń yà gba etí odò tóóró. Ní ọdún 2011 ni wọ́n ṣí ihò ńlá mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí 400 mítà. Iná wà nínú wọn lọ́sàn-án, omi ń kán láti òkè, òtútù ibẹ̀ sì ń wọni lára ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn. Kò sí ọmọ tí a mú débẹ̀ tí kò pariwo kí ó lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀ padà.

Ẹwà ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ mú wa gbàgbé ohun kan. Nísàlẹ̀ ọ̀nà ni Litton Mill wà, níbi tí wọ́n ti ń ran òwú ní àtijọ́. Àwọn ọmọ aláìníyàá láti ìlú jíjìn ni wọ́n kó wá síbẹ̀ ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, Robert Blincoe, yè é, ìwé ìtàn ìyà tí ó jẹ sì jáde fún gbogbo ayé kà ní ọdún 1832. A máa ń dúró níbẹ̀ sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ wa kí wọ́n tó ra bísíkíìtì.

Ìjà sì wà lórí ọ̀nà yìí. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń sọ pé kí ọkọ̀ ojú irin padà sí àfonífojì náà, kí ènìyàn lè tún ti ibẹ̀ lọ sí Derby. A kò fojú kéré ọ̀rọ̀ wọn; ẹni tí kò ní mọ́tò ní abúlé yẹn mọ ohun tí òun pàdánù ní ọdún 1968. Ṣùgbọ́n ní tiwa, ẹni tí ó bá fẹ́ gba ihò wọ̀nyí lọ́wọ́ àwọn ọmọdé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọ̀nà mìíràn hàn wọ́n, kí ó sì là á kí irin tó dé. Láti Buxton dé Blackwell Mill kò ju nǹkan bí máìlì mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n títì A6 tí ó wà níbẹ̀ kún fún ọkọ̀ ńlá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí èyí ná.

Níbòmíràn, kì í ṣe ìjọba ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ní Bristol, àwọn aráàlú kan kó ara wọn jọ ní ọdún 1977, ẹgbẹ́ tí a wá mọ̀ sí Sustrans. Láàárín ọdún 1979 sí 1986, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn àti ti àwọn olùyọ̀ǹda tẹ́ ọ̀nà máìlì 13 láti Bristol dé Bath. Ẹ̀yin ẹ mọ ohun tí à ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé: ọ̀wẹ̀ ni. Ní Bath kan náà, láti ọdún 2013, kẹ̀kẹ́ ń gba inú ihò Combe Down, tí ó gùn ju máìlì kan lọ.

Ẹ lè bi wá pé kí ni èyí kan ìlú wa, níwọ̀n ìgbà tí a kò ní ojú irin. A ní ọ̀nà oko. Ẹ̀yin náà mọ àwọn ọ̀nà tí àwọn bàbá ńlá wa là láti ẹ̀yìn ìlú dé etí odò, tí àwọn àgbà àti ọmọ ilé-ìwé ṣì ń gbà kí mọ́tò má bàa kọlù wọ́n. Wọ́n ti ń gé wọn tà mọ́ ilẹ̀ ilé. Ẹ̀bẹ̀ tí a gbé wá ni pé kí Kábíyèsí àti ẹgbẹ́ yan ìgbìmọ̀ tí yóò bá àwọn onílẹ̀ jókòó, tí yóò gbin pẹ̀rẹ́gún sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà wọ̀nyí, kí a sì kọ wọ́n sínú ìwé ìlú ní ọdún yìí. Ẹ̀ka wa yóò dá owó sí i.

Fún àwọn ọmọ ìlú wa tí ó wà ní Ìlú Ọba, ibi tí ó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ ni Longdendale Trail. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Piccadilly ní Manchester dé Hadfield. Ọ̀nà náà kò jìnnà sí ibùdókọ̀. Ó gùn tó máìlì 6 àti ààbọ̀, lẹ́bàá àwọn adágún omi tí Manchester dá ní nǹkan bí 170 ọdún sẹ́yìn láti fi pọn omi fún aráàlú. Ojú irin tí ó gba ibẹ̀ rí parí ní ọdún 1981. Ẹnu ihò Woodhead ni ọ̀nà náà dé, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ wọ inú rẹ̀. Kí ẹ mú ẹ̀wù òjò dání, kódà bí oòrùn bá ń ràn. Kí agogo kẹ̀kẹ́ ṣiṣẹ́. Kí ẹ dẹwọ́ fún ẹlẹ́sẹ̀, fún ẹni tí ó wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ àti fún ẹlẹ́ṣin, nítorí ẹṣin lè ta. Ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ lè yá a ní ibùdókọ̀ àtijọ́ Hassop lórí Monsal Trail, níbi tí wọ́n ti ń ta tíì àti oúnjẹ pẹ̀lú. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa lọ kọ̀wé sí akọ̀wé ẹ̀ka wa, kí ó sì sọ iye ọmọ tí yóò mú wá àti ọjọ́ orí wọn.