Kọ́kọ́rọ́ tó ń jí kọ̀ǹpútà

 

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú ńlá nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan àti àwọn ẹgbẹ́ obìnrin tó ń dá owó jọ ti ń kọ ìṣirò wọn sínú kọ̀ǹpútà. Iye àpò àgbàdo tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kó wá, iye owó tó yá, iye tó ti san padà, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀.

Bí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ yín bá kọ̀ tí kò jí ńkọ́? Ẹ tàn án, ojú rẹ̀ dúdú. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Ó ní: «Ó ti bàjẹ́. Màá pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, màá tún un tò.» Bí ẹ bá dáhùn pé «ó dáa», ìṣirò ọdún mẹ́ta lè lọ bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò wá mọ ẹni tó jẹ gbèsè àti ẹni tí kò jẹ? Ìjà dé nìyẹn. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa.

Kí ni kilé?

Ẹ mọ nǹkan kékeré tó dà bí ìka ọwọ́, tí àwọn ọmọ wa ń kó orin sí, tí wọ́n ń kì bọ inú rédíò. Kilé USB nìyẹn. Ní èdè Faransé, kọ́kọ́rọ́ ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Ó sì bá a mu, torí pé kilé lè jí kọ̀ǹpútà tó kọ̀ tí kò jí.

Báwo ló ṣe lè rí bẹ́ẹ̀? Bí a bá tan kọ̀ǹpútà, ó máa ń wá ètò tí yóò sọ ohun tí yóò ṣe fún un. Windows jẹ́ ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Ubuntu jẹ́ òmíràn, ọ̀fẹ́ sì ni. Inú díìsìkì kọ̀ǹpútà ni ètò náà ń gbé. Bí ó bá bàjẹ́, kọ̀ǹpútà kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ètò mìíràn bá wà nínú kilé, kọ̀ǹpútà lè ti ara kilé jí.

Bí a ṣe ń ṣe é

Kọ̀ǹpútà mìíràn tí ara rẹ̀ le la ó fi ṣe é.

1. Ẹ wá kilé tó tó 8 GB, ó kéré tán. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára.

2. Ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú kilé náà sí ibòmíràn. Iṣẹ́ yìí máa pa gbogbo rẹ̀ rẹ́: àwòrán, orin, ìwé.

3. Ẹ gba fáìlì Ubuntu lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín gan-an. «.iso» ló parí orúkọ rẹ̀. Ó ju 5 GB lọ, nítorí náà ẹ wá ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò ti wọ́n.

4. Ẹ gba ètò kékeré tó ń jẹ́ Rufus. Ọ̀fẹ́ lòun náà. Ẹ ṣí i, ẹ yan kilé, ẹ yan fáìlì .iso, kí ẹ tó tẹ ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má kàn da fáìlì náà sínú kilé bí ẹni da orin, kò ní jí kọ̀ǹpútà.

5. Ẹ ní sùúrù. Ẹ má fa kilé yọ títí tí yóò fi parí.

Ibi tí ìwé kíkà ti wúlò nìyí. Bí kilé méjì bá wà lára kọ̀ǹpútà, Rufus yóò kọ orúkọ àti ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò kà á lè pa ti ẹlòmíràn rẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ kó àgbàdo jáde

Ẹ pa kọ̀ǹpútà tó ń ṣàìsàn, ẹ ki kilé bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ti ń tàn án, ẹ máa tẹ F12 léraléra. Lára HP, F9 ni. Lára àwọn mìíràn, ó lè jẹ́ Esc. Ẹ yan orúkọ kilé nínú àkójọ tó bá jáde.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yan èdè Faransé, ẹ óò dé ibi tí ọ̀rọ̀ méjì wà: «Essayer» àti «Installer». Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o! «Essayer» ni pé kí a kàn dán an wò: kò ní fọwọ́ kan ohun tó wà nínú díìsìkì. «Installer» ni pé kí a gbé ètò tuntun wọlé: ó lè pa ti àtijọ́ rẹ́.

Ẹni tó fẹ́ wó àká kó tún un kọ́, àgbàdo inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kó jáde. Ẹ tẹ «Essayer», ẹ ṣí díìsìkì, ẹ kó ìṣirò ẹgbẹ́ sínú kilé kejì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó gbà kí wọ́n pa inú kọ̀ǹpútà rẹ́. Bí díìsìkì náà bá ti kú pátápátá, tàbí tí Windows ti fi àmì àṣírí tì í, ọ̀nà yìí nìkan kò ní tó. Nítorí náà, ó dára kí ìṣirò ẹgbẹ́ máa wà níbi méjì ní gbogbo ìgbà.

Bí kilé ṣe ń padà sí ipò rẹ̀

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ lè rí i pé Windows kò mọ kilé náà mọ́, tàbí pé ìwọ̀n rẹ̀ kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn kan á sọ pé ó ti bàjẹ́, wọ́n á jù ú nù. Kò bàjẹ́ o! Ètò tí a fi sí i ló yí i padà.

Ẹ tún ṣí Rufus. Ẹ yan kilé náà. Níbi tí a ti yan fáìlì .iso lẹ́ẹ̀kan, ẹ yan èyí tó sọ pé kilé kò ní jí kọ̀ǹpútà mọ́. Ẹ yan FAT32 tàbí exFAT, kí ẹ sì tẹ ìbẹ̀rẹ̀. Rédíò àtijọ́ máa ń mọ FAT32, ṣùgbọ́n kò gba fáìlì kan ṣoṣo tó tó 4 GB. exFAT gbà á. Bí kilé 16 GB bá fi 14 àti díẹ̀ hàn, ẹ má bẹ̀rù, bí Windows ṣe ń kà á nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká jíròrò

Níbo ni ìṣirò ẹgbẹ́ wa wà? Ṣé ó wà níbi méjì? Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ pa inú kọ̀ǹpútà rẹ́, kí la máa kọ́kọ́ béèrè?