Ẹ Má Sin Ẹ̀rí Mọ́ Òkú



Ní ọdún 1998, ọlọ́pàá lé ọmọ aládùúgbò mi kan, ọlọ́kadà, ní ìlú Warri níbí. Ó ṣubú, ó sì kú. Wọ́n ní jàǹbá ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti sin ín. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ ọba, tí mo mọ̀ pé òfin wà, wà lára àwọn tó ní kí wọ́n tètè sin ín. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ìyá rẹ̀ bi mí pé: “Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, kí ló pa ọmọ mi gan-an?” N kò ní èsì.

Ẹ rántí Tiamiyu Kazeem, igbákejì balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Remo Stars. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2020, ọlọ́pàá mú un ní Ṣàgámù. Ọkọ̀ míràn gbá a lójú títì, ó sì kú. Ọlọ́pàá ní ó bẹ́ sílẹ̀ láti sá lọ ni. Ẹni tí wọ́n jọ mú ní wọ́n tì í sílẹ̀ ni. Bíbẹ́ ni, àbí títì? Jàǹbá ni èkíní. Ọ̀ràn ni èkejì.

Irú àríyànjiyàn báyìí ni coroner wà fún. Adájọ́ Májísíréètì ló sábà máa ń ṣe iṣẹ́ náà. Kì í rán ẹnikẹ́ni lẹ́wọ̀n. Ohun tó ń wá ni pé: ta ló kú, nígbà wo, níbo, báwo? Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2007 ní kí a fi ikú òjijì, ikú ipá àti ikú ẹni tó wà ní àhámọ́ tó o létí. Ọlọ́pàá náà ń jàǹfààní rẹ̀, nítorí ẹni tí kò jẹ̀bi yóò gba ìdáláre.

Ṣùgbọ́n òkú ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́ pẹ́, àwa yòókù náà kì í sì í fẹ́ kí ọ̀bẹ kan òkú ọ̀dọ́. N kò ní kí á kọ ẹ̀sìn tàbí àṣà wa sílẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé, bí ọlọ́pàá bá wà nínú ọ̀rọ̀ ikú kan, kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀, ẹ wá agbẹjọ́rò, ẹ kọ̀wé sí Májísíréètì, ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó ṣojú wọn sílẹ̀, àti nọ́ńbà ọkọ̀.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí á rí irú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé, kí ìyá míràn má ṣe bi wá ní ìbéèrè tí a kò lè dáhùn.