Kí Wọ́n Tó Dá Jẹ́sì Padà fún Un

Òpìtàn Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé, kí Awólẹ̀ tó di Aláàfin Ọ̀yọ́, ó ta ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ lẹ́rú lọ́jà Àpòmù. Baálẹ̀ Àpòmù ra ọ̀rẹ́ náà padà, ó sì ní kí wọ́n na Awólẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí Awólẹ̀ jọba, ẹ̀san ló ń wá, títí Baálẹ̀ fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀ kí ìlú má baà tú. Ẹgba nìkan kò tún ìwà ṣe.

Lónìí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ eléré ìdárayá bá ṣe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níṣekúṣe, àwọn kan á ní ọmọdé ni, kí ẹ̀bùn rẹ̀ má ṣòfò. Òótọ́ ni, ọmọdé lè yí padà. Kí ó parí ìyà rẹ̀, kí ó padà sí kíláàsì. Ti jẹ́sì tó fi ń ṣeré fún ilé ẹ̀kọ́ yàtọ̀, nítorí iyì ni. Ẹ wo ibi tí ojú àánú nítorí ẹ̀bùn lè já sí: Brock Turner, òmùwẹ̀ Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi pé ó hùwà ìbàjẹ́ sí obìnrin tó dákú, oṣù mẹ́ta péré ló lò lẹ́wọ̀n ní 2016. Ẹ̀yin kóòṣì wa, ẹ ṣe bíi Baálẹ̀ Àpòmù: ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú.