Ìwà Rere Kò Dúró Lórí Gbígbọ́



Ní ọdún 384 ṣáájú ìbí Ànábì Ísà ni a bí Aristotle, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìsì tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Aristu. Oníṣègùn ọba ni baba rẹ̀. Bóyá ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìṣègùn kì í fi í jìnnà sí ẹnu rẹ̀.

Ṣáájú rẹ̀, Socrates, ẹni tí àwọn ará Athens dájọ́ ikú fún ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Ànábì Ísà, gbà pé àìmọ̀ ni ó ń mú ènìyàn hùwà burúkú: ẹni tí ó bá mọ rere ní tòótọ́, rere ni yóò ṣe. Aristotle kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ó rí i pé ẹlòmíràn mọ rere tán, síbẹ̀ tí ìfẹ́ inú rẹ̀ ń wọ́ ọ lọ síbi tí kò yẹ. Lójú tirẹ̀, bí a ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni a ń kọ́ ìwà. Ilé kíkọ́ ní í sọ ènìyàn di ọ̀mọ̀lé. Ẹni tí ó bá sì ń kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́, ọ̀mọ̀lé burúkú ni yóò dà. Bákan náà, ṣíṣe òdodo léraléra ní í sọni di olódodo. Nítorí náà ni ó ṣe ní ohun tí a bá fi mọ́ ọmọ lára láti kékeré kì í ṣe ohun kékeré.

Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ta jù ni ti àwọn tí wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ nípa ìwà rere tí wọn kì í hù ú. Ó fi wọ́n wé aláìsàn tí ó tẹ́tí sí oníṣègùn dáadáa, tí ó sì délé tí kò ṣe ọ̀kankan nínú ohun tí a ní kí ó ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ kì í pa wáàsí kankan jẹ, ṣé ẹ ń gbọ́?

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ Aristotle ni ó ṣeé gbé mì. Ó ní láti inú ìyá wọn ni àwọn kan ti jẹ́ ẹrú. Irọ́ gbáà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ lórí ìwà di kíkà ní èdè Lárúbáwá ní nǹkan bí 1,100 ọdún sẹ́yìn, Miskawayh, onímọ̀ Mùsùlùmí tí ó kú ní ọdún 1030, sì mú nínú rẹ̀ kọ ìwé tirẹ̀. Miskawayh ní ẹni tí ó sá fún ènìyàn, tí ó lọ ń dá gbé inú ihò òkè, kò lè pe ara rẹ̀ ní olódodo tàbí ọ̀làwọ́. Ta ni ó rí rẹ́ jẹ níbẹ̀ tí kò rẹ́ jẹ? Ta ni ó sì fún ní nǹkan?