Ìfẹ̀yìntì Kì í Ṣe Àhámọ́



Ní orílẹ̀-èdè Benin níbí, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni sábà máa ń fẹ̀yìn tì ní ẹni ọdún 60. Ìṣòro owó ni gbogbo ayé ń sọ, ṣùgbọ́n ẹni tí a ó bá tàkurọ̀sọ náà ń wọ́n. Ní 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé nínú èèyàn 6 láyé, ìdánìkanwà ń da ẹnì kan láàmú. Àìsàn òyìnbó kọ́ o!

Ẹ ò ṣe wá ẹgbẹ́ kan dara pọ̀ mọ́? Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ńkọ́? Ẹgbẹ́ alásàlátù, ẹgbẹ́ èsúsú, ẹgbẹ́ onílù àdúgbò? Ní oṣù kẹjọ, tí èrò bá ń wọ́ lọ sí ihò Màríà ní Arigbo, ní Ìdáàṣà, ìlú olókè 41, ohùn àgbà wúlò níbẹ̀. Orin ń jẹ́ ká mí kanlẹ̀, ó sì ń jí ọpọlọ. Síbẹ̀, lójú tèmi, àǹfààní tó ga jù ni pé bí ẹ bá pa ìpàdé jẹ lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kan á wá kan ilẹ̀kùn yín.

Ẹ wo ẹgbẹ́ olórin Poly-Rythmo tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Cotonou ní 1968. Àwọn àgbà inú wọn tún gbé àwo tuntun jáde ní 2011, Cotonou Club.

Bí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ jókòó lu agogo. Ẹni tí kò lóhùn, ẹgbẹ́ ń wá akọ̀wé àti akápò. Ẹ kàn má jà sí oyè alága. Ó ti tú ẹgbẹ́ púpọ̀ ká.